Kókó Inú Fùkù

Ní odò ẹran, ọ̀bẹ méjì ló máa ń kan fùkù màlúù kó tó dé ìsọ̀. Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ ni ti alápatà tó yọ ọ́ kúrò nínú igbá àyà ẹran. Ìkejì ni ti dókítà ẹran tí ìjọba gbà síṣẹ́ láti yẹ ohun tí wọ́n bá pa wò. Owó ni alápatà ń wò lára fùkù yẹn. Dókítà ní tiẹ̀ ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kiri, ó ń wá kókó. Tó bá kan èyí tó le lábẹ́ ìka rẹ̀, á là á. Tó bá jẹ́ irú kókó tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni, nǹkan funfun tó pọ́n díẹ̀ ló máa bá nínú rẹ̀, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bíi wàrà tí wọ́n ti fún omi ara rẹ̀ dànù. Nígbà mìíràn, ọ̀bẹ á ṣe bí ẹni pé iyanrìn ló ń gé.

Tí dókítà bá ti ní fùkù yẹn ò gbọdọ̀ dé ọjà, wàhálà dé nìyẹn. Alápatà ti sanwó màlúù ní káràá, kò sì sẹ́ni tó máa dá owó fùkù padà fún un. Bí àìsàn náà bá ti ràn káàkiri ara ẹran, odindi màlúù ló máa ṣòfò. Àwọn oníwàásù ìmọ́tótó fẹ́ràn láti máa sọ pé ojúkòkòrò ló ń ṣe alápatà. A ò gbà pẹ̀lú wọn tán. Ẹni tí ẹ bá ní kó ju owó oṣù mélòó kan sínú kòtò láìsí gbà-má-bínú, òun náà á bá yín jiyàn, kódà bó bá ní dìgírì.

Ṣùgbọ́n kí ni kókó yẹn gan-an? Ẹni mẹ́wàá tí ẹ bá bi, mẹ́sàn-án á ní àìsàn ni. Kì í ṣe òun ni àìsàn. Kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ohun tí ojú rí, tí ọwọ́ tẹ̀, tí ọ̀bẹ là, màlúù fúnra rẹ̀ ló mọ ọ́n. Odi ni. Ara ẹran náà ló kó ọmọ ogun rẹ̀ jọ, ló fi wọ́n yí ọ̀tá po, ló ní kò gbọdọ̀ jáde. Gránúlómà ni àwọn onímọ̀ ń pe odi yìí, ara tiwa náà sì ń mọ ọ́n. Ó gba aráyé ju igba ọdún lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ara ni, kì í ṣe iṣẹ́ àrùn, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ló sì kan àwọn èèyàn tó ń gbé láti Mọ́níyà dé Ìyànà Ọ̀fà, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Àkànrán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí màlúù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbàdàn kì í sin èyí tó pọ̀ jù nínú màlúù tó ń jẹ. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó wọn wá, láyé àtijọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dà wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kano ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, màlúù náà wá di èrò ọkọ̀. Lónìí, tírélà ló ń já wọn sí ọjà màlúù Akínyẹlé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún Bódìjà ni wọ́n ti ń pa wọ́n, láàárín ìlú, láàárín èrò. Ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bi ní kí gbogbo alápatà kó lọ sí odò ẹran tuntun ní Amósùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Wọ́n ní ti Bódìjà dọ̀tí jù. Àwọn alápatà ní Amósùn jìnnà, owó ibẹ̀ sì ga. Ní oṣù Kẹfà 2018, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Bódìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀mí sì sọnù. Ẹ rántí ìyẹn tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé àyẹ̀wò ẹran ò ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ló kọ́kọ́ kọ nípa kókó yìí sínú ìwé tó tọ́jọ́. Wọ́n máa ń la òkú láti mọ ohun tó pa á. Nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ikọ́ ti jẹ tán, wọ́n máa ń bá kókó kéékèèké bí ọkà bàbà, àwọn mìíràn tóbi bí ẹ̀pà. Franciscus Sylvius, tó jẹ́ olùkọ́ ní Leiden ní ilẹ̀ Netherlands, kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1679. Orúkọ tí wọ́n fún wọn lédè Látìnì ò ju "kókó kékeré" lọ, ibẹ̀ sì ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ikọ́ ife dòní ti wá, TB tí ẹ máa ń rí lára pátákó ilé ìwòsàn. Ẹ wò ó dáadáa: wọn ò fi orúkọ ọ̀tá pe ogun náà, orúkọ odi ni wọ́n fi pè é. Àṣìpè yẹn ló mú kí àwọn tó tẹ̀ lé wọn máa wo kókó bí ẹlẹ́bi. René Laennec, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣe ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ àyà, ló fi hàn pé gbogbo oríṣiríṣi kókó yìí àrùn kan náà ni. Àrùn yẹn náà ló pa á ní 1826. Rudolf Virchow, ọ̀gá wọn ní Jámánì, takò ó, ó ní ọ̀tọ̀ ni kókó, ọ̀tọ̀ ni àìsàn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀gá náà lè ṣì í, kò sóhun tuntun níbẹ̀.

Ní 1865, dókítà ológun kan ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Antoine Villemin, mú nǹkan díẹ̀ láti inú kókó ẹni tí ikọ́ ife pa, ó fi sábẹ́ awọ ehoro. Nígbà tó ṣe, ehoro náà yọ kókó nínú. Ó mú ti màlúù, ó tún fi sára ehoro, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ń ràn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kà á sí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àrùn ìdílé ni, pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní in, òun náà á ní in. Àwa náà ṣì ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ládùúgbò, pàápàá tí wọ́n bá ń wádìí ìdílé ọkọ ìyàwó. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1882 ni Robert Koch dìde ní Berlin, tó fi kòkòrò náà gan-an han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀tá ti ní ojú. Ó wá ku ìbéèrè kan: bí kòkòrò bá ni ọ̀tá, ta ló wá mọ kókó?

Theodor Langhans ti rí àwọn òṣìṣẹ́ náà nínú maikirosíkóòpù ní 1868, kó tó di pé Koch rí ọ̀tá. Ó bá àwọn sẹ́ẹ̀lì ràgàjì nínú kókó, ẹyọ kan ní ọ̀pọ̀ ojú èso nínú, tí wọ́n tò yíká etí rẹ̀ bíi bàtà ẹṣin. Èlíe Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó ní nínú ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa jẹ àjèjì tó bá wọlé. Macrophage ni wọ́n ń pe àwọn tó tóbi nínú wọn, lédè Gíríìkì ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀jẹun ńlá. Ọ̀jẹun náà ni àwa náà á máa pè wọ́n.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹni tó ní ikọ́ ife wúkọ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ dáadáa. Ẹlòmíì mí kòkòrò sínú. Ó dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́, ọ̀jẹun tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì gbé e mì. Kòkòrò mìíràn á kú síbẹ̀. Ti ikọ́ ife kì í tètè kú. Awọ ara rẹ̀ kún fún ọ̀rá tó nípọn bí ìda, ó sì mọ bó ṣe ń dí ọ̀jẹun lọ́wọ́ kó má lè da omi tó ń jẹ nǹkan run lé e lórí. Ó wá ń gbé inú ẹni tó ní òun fẹ́ jẹ ẹ́, ó ń bímọ níbẹ̀. Ọ̀jẹun yẹn á figbe ta. Igbe rẹ̀ kì í ṣe ohùn, kẹ́míkà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré dé, wọ́n á yí i ká, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á so ara wọn mọ́ra pinpin bí ìgànná amọ̀. Àwọn kan á tiẹ̀ yọ́ pọ̀ di ẹyọ kan, àwọn wọ̀nyẹn ni ràgàjì tí Langhans rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn ọ̀gá ogun á tó dé. Sẹ́ẹ̀lì T ni wọ́n. Wọn kì í jẹ kòkòrò, àṣẹ ni wọ́n ń pa. George Mackaness ló là á mọ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 pé ọ̀jẹun tí kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gbà á, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T á tò yí odi ká lẹ́yìn, bí oníbodè. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Odi Ìbíkúnlé tí wọ́n mọ yí Ìbàdàn ká láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún á mọ irú nǹkan tí à ń wí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ti Ìbíkúnlé, ọ̀tá ló wà níta, ará ilé ló wà nínú. Ti ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀tá ni wọ́n mọ odi mọ́ inú.

Nínú odi yẹn, afẹ́fẹ́ ò tó, oúnjẹ ò tó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín á kú, òkú wọn ló di nǹkan funfun bíi wàrà tí dókítà ẹran bá pàdé. Tó bá pẹ́, ara á da kálísíọ̀mù lé e, á le bí òkúta, ìyẹn ni iyanrìn tí ọ̀bẹ kàn. Kòkòrò ńkọ́? Púpọ̀ kú. Àwọn yòókù sùn. Wọn ò bímọ, wọn ò rìn, wọ́n kàn wà. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú ètò yìí: tí kọ̀ǹpútà bá rí fáìlì tó fura sí, tí kò sì rí i pa rẹ́, á tì í mọ́ ibì kan tí kò ti ní lè ṣiṣẹ́. Kò pa á. Ẹni tó bá ṣí ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn ti dá ogun sílẹ̀.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ọmọ aráyé ni wọ́n gbà pé kòkòrò yìí ti wọ ara wọn rí. Nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, márùn-ún sí mẹ́wàá ni àìsàn náà máa ń yọ sí lára láyé wọn. Odi àwọn tó kù mú. Wọn ò wúkọ́, wọn ò ràn án, wọn ò sì mọ̀. Ohun tó ń wó odi la mọ̀ dáadáa. HIV ni olórí wọn, torí sẹ́ẹ̀lì T gan-an ló ń pa, ìyẹn ni pé àwọn oníbodè ló ń pa. Ebi wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ọjọ́ ogbó náà wà níbẹ̀. Oògùn kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, dexamethasone, tí wọ́n ń lò torí kí ara lè sanra, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ. Oògùn gidi ni, ó ń gba ẹ̀mí là níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń ní kí ọmọ ogun ara sinmi. Ẹni tó ní kòkòrò ikọ́ ife tó sùn nínú ẹ̀dọ̀fóró tó ń gbé e mì lóṣooṣù ń sanwó fún àwọn tó máa bá a wó odi.

Ọ̀rọ̀ odi yìí náà ò rọrùn tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Lalita Ramakrishnan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹja wẹ́wẹ́ kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara nígbà tó wà lọ́mọ, débi pé èèyàn lè fi maikirosíkóòpù wo inú rẹ̀ láàyè. Wọ́n fi ìbátan kòkòrò ikọ́ ife sí i lára. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí odi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, kòkòrò ń lo àwọn ọ̀jẹun tó ń sáré bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé tuntun. Ọ̀kan á kú, àwọn tó wá gbé òkú rẹ̀ á jẹ kòkòrò inú rẹ̀, àwọn kan nínú wọn á sì gbé e jáde lọ síbòmíì. Àwọn tó ń mọ odi náà ló ń ru ọ̀tá kiri. Lójú tiwa, èyí ni ibi tó dùn jù nínú gbogbo ìtàn náà, torí ó fi hàn pé ọ̀tá àti ará ilé ti ń gbé pọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí kálukú ti kọ́ ọgbọ́n èkejì.

Ẹ ká aṣọ sókè kí ẹ wo apá yín òsì, lókè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní àpá róbótó kan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ BCG ni, wọ́n ń fún ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n mọ̀ pé tí ojú rẹ̀ bá wú, tó ṣe bí eéwo díẹ̀, ó ti mú nìyẹn. Kókó kékeré tó wú yẹn, odi náà ni. Ibi tí ara ọmọ ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n nìyẹn. Ibi tí BCG ti wá ni wọn kì í sọ fún èèyàn. Kòkòrò ikọ́ ife màlúù ni. Albert Calmette àti Camille Guérin, tí Guérin jẹ́ dókítà ẹran, mú un ní Lille ní 1908, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń tún un gbìn nínú ọ̀dùnkún àti òróòro màlúù, ìgbà 230, títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ṣe é. 1921 ni ọmọ àkọ́kọ́ gbà á ní Paris. Ó ń dáàbò bo ọmọ kékeré lọ́wọ́ ikọ́ ife tó ń ràn mọ́ ọpọlọ, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ fún àgbàlagbà ò tó nǹkan.

Ṣé ti màlúù wá lè mú èèyàn? Koch, pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, sọ ní London ní 1901 pé ewu ibẹ̀ kéré débi pé kò yẹ kéèyàn dààmú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ lórí ẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ó sì fi hàn pé Koch ṣì í. Wàrà tútù tí wọn ò sè ló ń gbé e dé ara ọmọ wọn. Ní Ìbàdàn, Simeon Cadmus tó jẹ́ dókítà ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó kòkòrò láti ara èèyàn tó ní ikọ́ ife àti láti ara màlúù, wọ́n yẹ àbùdá wọn wò, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2006. Nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún àìsàn tó wà lára àwọn èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ni kì í ṣe kòkòrò tí gbogbo ayé mọ̀ ló fà á. Àwọn kan jẹ́ ti màlúù, àwọn kan sì jẹ́ irú kan tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní Senegal ní 1968. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni pé irú ti màlúù tí wọ́n bá lára èèyàn ò bá èyí tí wọ́n bá lára màlúù mu. Nítorí náà, ẹ má sáré na ìka sí màlúù Akínyẹlé. Ìwádìí mìíràn lórí àbùdá, tó jáde ní 2002, ti fi hàn pé kò jọ pé ọ̀dọ̀ màlúù ni èèyàn ti kó ikọ́ ife bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa. Ti èèyàn ló sún mọ́ baba ńlá wọn jù.

Síbẹ̀, ewu wà níbi tí wọ́n ti ń mu wàrà tútù tí iná ò kàn. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà lójú ọ̀nà Mọ́níyà, tí wọ́n fi ewé bọmubọmu dì, iná ti kàn án, ìyẹn dára. Nónò ni kí ẹ bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀.

Kì í ṣe ikọ́ ife nìkan ni ara ń mọ odi fún. Ọmọ tó ń wẹ̀ lódò abúlé lè kó àtọ̀sí ajá, tí ẹ̀jẹ̀ á máa tẹ̀ lé ìtọ̀ rẹ̀. Theodor Bilharz ló rí aràn tó ń fà á ní Cairo ní 1851, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń bá a láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ní agbègbè wa tipẹ́. Okoli àti Odaibo tẹ ọ̀kan nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde ní 1999. Aràn náà fúnra rẹ̀ ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara ò rí i mú. Ẹyin rẹ̀ ni wàhálà. Èyí tí kò bá ìtọ̀ jáde á há sí ara àpò ìtọ̀, ara á sì mọ odi yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Ẹyin kò lè jà, kò lè sá, àwọn odi ló wá ń pọ̀ jù, tí àpò ìtọ̀ fi le, tí ìtọ̀ fi ń padà sẹ́yìn lọ bá kíndìnrín. Níbí, odi gan-an ló ń ṣe ọmọ léṣe. Kenneth Warren fi èyí hàn lára eku ní àwọn ọdún 1960. Oògùn praziquantel wà, ó sì ń pa aràn náà.

Àìsàn kẹta ni kì í jẹ́ kí odi dìde rárá, ẹnu ọ̀nà Akínyẹlé ló sì ti yọ. Ní nǹkan bí ọdún 1964, Yunifásítì Ìbàdàn dí odò kékeré kan tó ń jẹ́ Awba nínú ọgbà rẹ̀, kí omi lè tó lò. Odò yẹn ò jìnnà sí Ajíbódè, ẹni tó bá ti gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá á mọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni egbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára àwọn kan tó ń gbé inú ọgbà, àwọn òyìnbó wà lára wọn. Oluwasanmi, Solanke, Adétòkunbọ̀ Lucas àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní UCH kọ nípa rẹ̀, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ní 1976. Ìbátan kòkòrò ikọ́ ife ló ń fà á. Albert Cook, dókítà míṣọ́nnárì, ti rí irú egbò bẹ́ẹ̀ ní Uganda láti 1897, Buruli tí wọ́n ń pè é jẹ́ orúkọ agbègbè kan níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn tó ń gbé létí odò Benue ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa wọn, ní 1967.

Bí egbò Buruli ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ló ń tan èèyàn. Kókó kékeré kan lábẹ́ awọ, tàbí kí ẹsẹ̀ kàn wú. Kò dunni. Kì í sábà mú ibà wá. Ẹni tó ń lọ oko ò ní tìtorí ohun tí kò dùn ún pa oko tì, á fi epo ra á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ á já, ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn dókítà gé díẹ̀ lára rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n bá ọ̀rá àti ẹran tó ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n wá odi tì. Kò sí ọ̀jẹun tó so ọwọ́ pọ̀, kò sí oníbodè. Ó jọ ìlú tí ogun wọ̀ tí ajá ò gbó.

Ní 1999 ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Kòkòrò náà ń tú májèlé kan jáde tí wọ́n sọ ní mycolactone. Májèlé yẹn ń dí ẹnu ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tú kẹ́míkà rẹ̀ síta. Igbe tí ọ̀jẹun fẹ́ ta ò jáde. Ó tún ń pa iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora lẹ́nu mọ́, ìdí nìyẹn tí egbò tó tó àwo oúnjẹ ò fi ń dun ẹni tó ní in. Ní abúlé, egbò tó ń jẹ ẹran ara láìdunni ò jọ àìsàn lásán lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní wọ́n fi ṣe é ni. Owó oko á lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, oṣù á máa gorí oṣù, orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé á sì ti ká kò, kò ní lè nà mọ́.

Rifampicin àti clarithromycin ni wọ́n fi ń wò ó báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Tí oògùn bá ti ń pa kòkòrò, májèlé á máa dínkù, tí wọ́n bá sì gé díẹ̀ lára egbò náà wò nígbà yẹn, wọ́n á bá kókó: ọ̀jẹun tó so pọ̀, ràgàjì Langhans, sẹ́ẹ̀lì T tó tò yí wọn ká. Dókítà tó bá rí i á mọ̀ pé egbò ti ń jiná.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ló ti sọdá bodè lọ gba ìtọ́jú yìí ní Pobè, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ilé ìwòsàn kan wà fún egbò Buruli. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní ìlú náà, nítorí náà èdè kì í ṣe ìṣòro fún ẹni tó bá dé láti Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn. Owó ọkọ̀ ni ìṣòro, àti ẹni tó máa dúró ti oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.